Fóònù tokunbọ̀ tó kọ̀ tí kò dákẹ́: ìró kámẹ́rà dójú tì mí níbi fídáù

Ará_Òkefìà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí.

Oṣù tó kọjá ni mo ra fóònù tokunbọ̀ kan. Fóònù gidi ni, bátìrì rẹ̀ ń gbé ọjọ́, kámẹ́rà rẹ̀ ń mú nǹkan kedere. Ẹni tó tà á fún mi kàn ní, "Jàpáánì ló ti wá, àwọn ara ibẹ̀ kì í ba nǹkan jẹ́." Mo sanwó, mo gba ilé lọ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ bàbá ọ̀rẹ́ mi ní Òkè-Baálẹ̀. Mo ti pa ohùn fóònù kí n tó jókòó, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dé ibi àdúrà, gbogbo ilé dákẹ́, kálukú tẹ́ ọwọ́. Ni mo bá rí ọmọ-ọmọ olóògbé tó kéré jù, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Òun náà di ojú, ó tẹ́ ọwọ́, bisikíìtì sì wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ á fẹ́ tọ́jú àwòrán yìí. Mo rọra gbé fóònù sókè, mo tẹ̀ ẹ́.

KÀṢÀ!

Kì í ṣe kékeré o. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Alfa dúró láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n la ojú kan. Ọmọ sọ bisikíìtì sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyàwó mi tó jókòó lápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ń wò mí bíi pé òun ò mọ̀ mí rí láyé.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Báwo ni mo ṣe máa pa ìró yìí? Kí ló sì ṣe àwọn ará Jàpáánì tí wọ́n fi ń fi tipátipá mú fóònù pariwo?

Onífóònù_ỌláÌyá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ dárí jì mí, ibi bisikíìtì yẹn ni ẹ̀rín ti pa mí.

Fóònù yín ò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún nìyẹn. Ẹ pa ohùn ni o, ẹ ò pa ohùn ni o, tí ẹ bá ti ya fọ́tò, ó gbọ́dọ̀ ké. Èyí tó ti Kòríà Gúúsù wá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ iPhone, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú Settings. Tó bá parí sí J/A, Jàpáánì ni. Tó bá jẹ́ KH/A, Kòríà ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà, fi ìyẹn sílẹ̀, ṣáà bá mi dín owó rẹ̀."

Rísẹ́ẹ̀tì kò lè yọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn. Ẹ dáńlóòdù áàpù kámẹ́rà mìíràn, àwọn kan wà tí kì í dún. Àwọn kan máa ń lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú spíkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè yín á máa dún bí ẹni tó já sí kànga.

Nǹkan kan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé kò sí ohunkóhun nínú fóònù tó ń ṣe kàṣà. Kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì níbẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, bí ìgbà tí ẹ fi orin ṣe ríńgítóònù. Èyí tó wà nínú iPhone, Jim Reekes tó ṣiṣẹ́ ní Apple nígbà kan ló gbà á sílẹ̀ lára Canon AE-1 tirẹ̀, kámẹ́rà onífíìmù tó jáde ní 1976. Òkú kámẹ́rà ló ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù wa.

ỌmọÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun_Nagoya
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èkejì, nítorí ibẹ̀ ni mò ń gbé báyìí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni iléeṣẹ́ J-Phone gbé fóònù kan jáde tí Sharp ṣe, J-SH04 lorúkọ rẹ̀. Ó ní kámẹ́rà lẹ́yìn, ènìyàn sì lè fi fọ́tò ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ò jọ nǹkan kan lójú wa lónìí, ṣùgbọ́n àrà ni nígbà yẹn. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin kan fi ń tẹ fóònù bọ abẹ́ yẹ̀rì obìnrin nínú rélùwéè tó há bí ẹja inú agolo, àti lórí àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù bá ní kí kámẹ́rà máa ké, kí ẹni tí wọ́n ń yà lè gbọ́. Ẹ fi etí sí i: kò sí òfin ìjọba kankan níbẹ̀ tó ní kí fóònù dún. Àwọn iléeṣẹ́ ló fi ẹnu kò sí i láàárín ara wọn, ó sì di àṣà. Ní Kòríà, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2004 pé ìró náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 60 sí 68 dẹ́síbẹ̀lì. Ó tó ohùn ẹni méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Òfin gidi tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ya ènìyàn ní ìhòòhò tàbí lábẹ́ aṣọ láì gbàṣẹ, ní oṣù keje 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò Jàpáánì: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 3 yẹ́ẹ̀nì lọ.

Ó ti mọ́ wọn lára. Ilé oúnjẹ á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹnìkan á ya abọ́ oúnjẹ rẹ̀, kàṣà, kò sẹ́ni tó máa yíjú.

Àdùkẹ́_ÒrìṣàÌgbà
Nígbà náà, orí àwọn ará Jàpáánì pé. Èmi wà lẹ́yìn wọn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Old Garage lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó gbé fóònù sórí itan bí ẹni tó ń kàwé. Mo wọ búbù tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ooru ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ohun tó tú u fó ni pé ó gbàgbé láti pa fláàṣì. Iná bù yẹ̀rì sí mi láyà. Ó ní àwòrán ara òun ni òun ń yà. Ṣé ara rẹ ni igbá àyà tèmi? Kẹ̀kẹ́ dúró, mo gba fóònù, mo rí mẹ́fà níbẹ̀. Mẹ́fà! Márùn-ún ti kọjá láì dún, láì tàn.

Ilé wa, kí a tó wọlé olúwarẹ̀, à ń kágò. Ìró yẹn ni àgò kámẹ́rà. Ẹni tí kò fẹ́ kágò, kí ló fẹ́ wá ṣe?

Ará_Òkefìà
Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Bí o ṣe sọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí pé mo ń wá bí màá ṣe pa á.

BàbáFọ́tò_StationRoad
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ń sọ ọ́, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, a kì í rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ká má bá a wí. Ṣùgbọ́n àgò kọ́ ni ìró yẹn. Ta ní ń wọlé tán kó tó kágò? Ìgbà tó bá fi dún, ó ti mú ọ nìyẹn. Ẹni tó fa ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ dé ìta, tó wá dúró tó ní "àgò onílé o", ṣé a ó dá a lóhùn pé àgò yà?

Yashica onílẹ́ńsì méjì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Òkè lo ti ń wo inú rẹ̀, bí ẹni wo kànga. Fíìmù kan, fọ́tò méjìlá péré. Kámẹ́rà yẹn kì í pariwo, nítorí kò ní dígí tó ń fò. Ewé irin tín-ín-tìn-ìn-tín inú lẹ́ńsì ló ń là tó ń padé, á kàn ṣe "tẹ́". Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ò já geere kò ní gbọ́ ọ rárá.

Kí wá ni àgò? Ẹnu mi ni. "Ìyá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ fa gèlè yẹn sẹ́yìn. Ẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì. Ẹ má ṣẹ́jú o, ó yá." Kí n tó tẹ̀ ẹ́, a ti jọ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ ya òun, èmi náà ti mọ irú ojú tó fẹ́ kí ayé fi rí òun.

Nígbà tí èyí tó ní dígí tó ń fò nínú dé ọwọ́ wa ni ariwo tó dé. Dígí á fò sókè, aṣọ ìkélé kìíní á ṣí, èkejì á tẹ̀ lé e, dígí á já wálẹ̀: kàṣà. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní kámẹ́rà gidi nìyẹn, èyí ń dá ni lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé láyé ìjọ́un, lápá Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á so fọ́tò méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé àwọn méjì jókòó ti ara wọn. Ó ní ìyá kan wà tí wọ́n ya ọmọ rẹ̀ tán nígbà àkọ́kọ́, tí kò dìde. Ó ní, "Ti Kẹ́hìndé nìyẹn, mò ń retí ti Táíwò." Ìgbà tó gbọ́ "tẹ́" kejì ló tó nu ojú.

Ayàwòrán_Òde
Bàbá, ẹ ṣé. Mo ka ti ìyá ìbejì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Àmọ́ ní òde ìnáwó tiwa, ìró yẹn kì í ṣe àgò, kì í sì í ṣe olè. Owó ni. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: a ó yà yín, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde lára ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, kí ẹ tó jẹ ẹran tán, fọ́tò yín ti dé orí tábìlì. Àwọn màmá ti mọ̀ wá. Wọn ò tíì gbọ́ kàṣà tán tí ọwọ́ ti bo ojú: "Mi ò rà o! Má gbé e wá síbí o!" Màmá kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń kà á. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbọ́. Mẹ́ta lo gbé wá. Èwo lo fi pa mọ́?" Èyí tí wọ́n ti la ẹnu jẹ iyán ni mo fi pa mọ́, mi ò lè sọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, mo pa ìró rẹ̀ pátápátá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ yìn mí. Níbi àríyá, wàhálà dé. Ìyàwó àti ọkọ dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín fi gan lójú wọn. "Fọtógíráfà, o ò tíì yà á ni?" Mo ti ya méje!

Àwòrán gan-an kò tún gún. Tí kámẹ́rà mi bá dákẹ́ báyẹn, láti òkè ló ti ń ka àwòrán wá sísàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì. Iná LED inú gbọ̀ngàn á wá fa ìlà dúdú kọjá lójú ìyàwó. Ohun tó bá ń sáré á ti sún kúrò kó tó kà á dé ìsàlẹ̀. Mo ya onígángan kan, kòǹgó rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Mo mọ̀ pé kòǹgó gángan ti tẹ̀ láti ilé, ẹ má dá mi lóhùn. Èyí tẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe báyẹn wà lóòótọ́. Sony a9 tó jáde ní 2017 ń ya 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láì dún pìn-ín, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju apá mi lọ.

Mo tan ìró padà.

Ọmọ_Odò
Ilé wa ò jìnnà sí igbó Ọ̀ṣun. Kámẹ́rà kì í ṣe àjèjì sí wa, pàápàá látìgbà tí UNESCO ti fi igbó náà sínú ohun ìní àgbáyé ní 2005.

Lọ́jọ́ tí Arugbá bá ń gbé igbá lọ sódò nínú oṣù kẹjọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ kàṣà. Ìlù ń dún, orin ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ ń na ara wọn ní pàṣán. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ń bí wa nínú ni àwọn tó ń sáré síwájú Arugbá pẹ̀lú fláàṣì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìlú ń rò bí ọmọ yẹn bá fẹsẹ̀ kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, láàárọ̀. Ọ̀bọ lórí igi, omi tó ń lọ lábẹ́ afárá, kò tún sí nǹkan mìíràn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan wá bu omi. Ó kúnlẹ̀ létí odò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ó ń bá Yèyé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ohun tó ń wá kò ṣòroó mọ̀. Àlejò kan dúró lẹ́yìn igi: kàṣà, kàṣà, kàṣà. Obìnrin náà dákẹ́. Kò wẹ̀yìn. Ó dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó dìde, kò parí ohun tó ń sọ.

Mo ti ro ó títí. Ká ní kámẹ́rà yẹn kò dún, ì bá parí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó délé, òun ò sì ní mọ̀. Mi ò mọ èwo ni ǹ bá yàn fún un.

Àdùkẹ́_ÒrìṣàÌgbà
Kó gbọ́. Kó gbọ́, kó bínú, kó padà wá lọ́la.

Bàbá, mo gbà pé àgò kọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é ní agogo ọrùn ológbò. Eku tí ológbò ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì lè sá.

ỌmọÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun_Nagoya
Ológbò náà mọ bí wọ́n ṣe ń tú agogo, àbúrò mi. Áàpù tí kì í dún tí ẹnjiníà ní kí ẹ̀gbọ́n dáńlóòdù yẹn, ó pọ̀ bí ewé níbí. Àwọn tó ń ya ọmọ tó ń sùn, tàbí ológbò, tàbí ìwé ní láíbúrárì ló ń lò ó. Àwọn oníṣẹ́ ibi náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní èrò búburú lọ́kàn, áàpù kámẹ́rà tó bá fóònù wá kọ́ ló máa lò. Ẹni tó ń ya bisikíìtì ọmọdé níbi fídáù ni fóònù ń tú fó.

Ní Amẹ́ríkà, aṣòfin kan láti New York, Peter King, gbé àbá irú rẹ̀ wá sílé ní 2009 pé kí gbogbo fóònù máa dún. Kò di òfin. Ní Kòríà, ìjọba béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ní 2023, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn ní kí kálukú lè pa ti ara rẹ̀.

Alága
Mo ti yọ èsì méjì kúrò. Ẹ má bú Alfa, ẹ má sì dárúkọ ọjà ẹnikẹ́ni. Ẹ máa bọ̀.

ÌyáAránṣọ_Ìgbóǹnà
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Fóònù kan ló wà fún ṣọ́ọ̀bù, òun la fi ń ya sítáì tí a bá rán tán. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni àwọn oníbàárà ti ń dán aṣọ wò. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi àtijọ́ wọ ìró àti bùbá léèsì, síìpù kan há mọ́ ọn lẹ́yìn, ó pe ọmọ iṣẹ́ kó bá òun fà á. Ọmọ yìí fa síìpù, ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ó ya ẹ̀yìn aṣọ. Kò ní ibi lọ́kàn, mo fi orí mi búra. Ṣùgbọ́n síìpù ò tíì pa dé òkè, dígí sì wà níwájú obìnrin náà. Ó di alẹ́, fọ́tò ti wà lórí státọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń lọ sílé wọn. Ohun tí obìnrin yẹn ń tẹnu mọ́ ni pé, "Ìyá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá ti yíjú, ǹ bá ti ní kó pa á."

Látìgbà náà, òfin ṣọ́ọ̀bù mi ni pé kẹ́nikẹ́ni tó gbé fóònù sókè, kó kọ́kọ́ sọ "mo fẹ́ yà á o" sókè ketekete. Wọ́n ń sọ ọ́ tí mo bá wà ńbẹ̀. Tí mo bá lọ ra òwú, Ọlọ́run ló mọ̀.

BàbáFọ́tò_StationRoad
Ìyá, òfin yín yẹn ni àgò tí mò ń wí.

Ará_Òkefìà
Ẹ ṣeun gan-an. Mo dáńlóòdù áàpù kan, kò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀, ìpolówó sì ń fò síta láàárín. Mo yọ ọ́.

Lánàá, mo lọ bẹ àwọn ẹbí olóògbé. Alfa náà wà níbẹ̀, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí. Ìyá ọmọ yẹn ní, "Fọ́tò tí ẹ torí ẹ̀ da ilé rú yẹn dà?" Ojú ti tì mí débi pé mi ò tíì wò ó látọjọ́ yẹn. A jọ ṣí i. Ọmọ ṣì di ojú, ó tẹ́ ọwọ́, bisikíìtì wà níbẹ̀ ní odindi. Bí Bàbá ṣe wí: ó ti mú un kó tó dún. Ó ní kí n fi ránṣẹ́, ó ti fi ṣe ojú fóònù rẹ̀.

Síbẹ̀, màá ta fóònù yìí. Jímọ̀ ń bọ̀, mi ò ní ọkàn rẹ̀.

ÌyáAránṣọ_Ìgbóǹnà
Èló lẹ fẹ́ tà á?

Ará_Òkefìà
Ìyá, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe o. Kò ṣeé pa.

ÌyáAránṣọ_Ìgbóǹnà
Òun ni mo fẹ́ rà. Ẹ bá mi mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ẹ sì sọ fún ẹnjiníà yẹn kó má fọwọ́ kàn án o.